Èémí Tí A Kì Í Mí ní Ṣọ́ọ̀bù

Òwú ló kọ́kọ́ tú àṣírí ojú Màmá. Télọ̀ kan láti Ashanti New Town wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Kejetia, ọjà ńlá Kumasi ní Ghana, lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Ó ká búbá dúdú kan mọ́ apá, ó ní kí a jọ jáde síta díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù, búbá náà dúdú, òwú tí wọ́n fi rán an náà sì dúdú. Ìgbà tí a dé ibi tí oòrùn ti ń wọlé láàárín òrùlé méjì ni mo rí i pé gbogbo ojú rírán aṣọ náà ti di búlúù. Búlúù tó ki, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n búlúù ni. Aṣọ ìsìnkú sì ni. Ẹni tó ni ín ti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ Sátidé, ó ti jókòó sínú oòrùn láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì ti wò ó tẹ́rùn.

"Alata Maame," ni télọ̀ náà wí. Orúkọ tí wọ́n ń pe Màmá ní ọjà nìyẹn, ìyá ará Nàìjíríà. "Ọwọ́ yín ni mo ti ra òwú yìí."

Ó sọ ọ́ ní Twi, èdè ìlú náà, kò sì pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Màmá gba búbá náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Lẹ́yìn náà ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi, dúdú kọ́ nìyí?"

Mo ní búlúù ni.

Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó wọlé lọ, ó mú òwú mìíràn, ó tún nà án sí mi kí n wò ó kí ó tó fún ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ojú rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí a jókòó sọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá. Ó ti ń ta òwú, síìpù, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ní Kejetia kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí ọjà náà ṣì jẹ́ páànù àti àtíbàbà, kí wọ́n tó kọ́ ilé ńlá tuntun. Èmi wá bá a ní Kumasi lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní Nàìjíríà. Ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì. Mo ń kọ̀wé wá iṣẹ́ káàkiri, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lóhùn, mo ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí gbogbo télọ̀ mọ Màmá sí ni pé kì í ṣi òwú mú. Bí wọ́n bá mú àgékù aṣọ tí kò ju èékánná lọ wá, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn láìyíjú, òwú tó bá a mu yóò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo fi ara balẹ̀ wò ó láti mọ bóyá oríire lásán ni. Kì í ṣe oríire. Gbogbo ohun tí èmi ń pè ní pupa nínú páálí rẹ̀, òun ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: pupa ata, pupa epo, pupa iyẹ̀pẹ̀, pupa ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ní ìlú tí ènìyàn ti ń lọ síbi ìsìnkú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, pupa àti dúdú ni oúnjẹ olówùú. Ẹni tí kò bá lè dá dúdú mọ̀ yàtọ̀ sí búlúù, kí ó palẹ̀ mọ́.

Nítorí náà mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ojú ní ìkùukùu ti bo ẹyinjú méjèèjì, pé ti ọ̀tún ló ki jù. Ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọn yóò yọ ìkùukùu náà, wọn yóò fi gíláàsì tín-ín-rín kan rọ́pò rẹ̀. Mo béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é. Ó ní yóò máa ki sí i ni. Mo béèrè bóyá yóò ríran tí a bá ṣe é. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń ríran dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn pé kò sọ pé gbogbo ènìyàn.

Ohun kan ló dí wa lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ń ru. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ru kọjá ibì kan nígbà tí ojú wà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ẹyinjú, ojú náà yóò sì lọ pátápátá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ga jù, wọ́n ní kí a lọ sinmi, kí a padà wá. A padà lọ, ó tún ga, wọ́n tún ní kí a lọ sinmi. Bẹ́ẹ̀ Màmá kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Mo mọ̀ nítorí èmi ni mo ń gbé omi fún un. Bí a bá sì wọ̀n ọ́n ní kẹ́míìsì tó wà nítòsí ilé wa, kì í ga tó bẹ́ẹ̀.

"Bípì mi ò sí nínú ara mi," ni Màmá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. "Ọsibítù yẹn ló ń gbé. Èmi ni mo máa ń lọ kí i níbẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé òótọ́ ló ń sọ. Ìbẹ̀rù ilé ìwòsàn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà sókè. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ wo ojú rẹ̀ sàn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n lè wò ó.

Bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ èémí nìyí. Nígbà tí mo ń retí èsì àwọn ìwé tí mo kọ wá iṣẹ́, àyà mi máa ń já ní ìdájí, yóò máa lù kìkì bí ẹni tó sáré. Mo rí fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan ní bí ènìyàn bá ń fi imú fa èémí sínú títí ikùn yóò fi yọ síwájú, tó wá ń tú u síta díẹ̀díẹ̀, kí títú náà pẹ́ ju fífà lọ, ara yóò rọlẹ̀. Kò dúró síbẹ̀. Ó ní ó ń lé àtọ̀gbẹ lọ, ó ń dín ọ̀rá kù, ó ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́. Mo yọ èyí tí kò lè jẹ́ òótọ́ kúrò, mo gbìyànjú èyí tó kù. Mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi bí mo ṣe ń mí. Ọkàn mi rọra lù. Mi ò lè búra pé èémí ló ṣe é, ó lè jẹ́ jíjókòó jẹ́ẹ́ nìkan. Nígbà tó yá, mo wá ohun tí àwọn oníṣègùn fúnra wọn kọ. Ohun tí mo rí kò ju pé ó lè mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, fún àwọn kan, fún ìgbà díẹ̀, àti pé kò lè rọ́pò oògùn. Díẹ̀, àwọn kan, ìgbà díẹ̀. Ènìyàn kì í kọ́lé sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" gan-an ni a nílò, ní iwájú nọ́ọ̀sì kan, ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Mo dúró de àárọ̀ tí oníbàárà kò tíì dé. Mo tún àga Màmá tò kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè nà.

"Màmá, ẹ gbé ọwọ́ lé inú yín. Ẹ mí kanlẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ariwo nínú ilé.

"Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú, Màmá."

"Ṣé ìyá ẹ pè ọ́ láti ilé ni? Sọ fún mi. Mo lè gbà á."

"Màmá, àlàáfíà ni gbogbo wọn wà."

"Kí ni mo wá fẹ́ mí kanlẹ̀ fún? Láàárọ̀ yìí? Nínú ṣọ́ọ̀bù? Tí mi ò tíì ta abẹ́rẹ́ kan? Bisimillahi, má tún bá mi sọ irú ẹ̀."

Àṣìṣe mi ni. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ òun àti ìyá mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ egungun nìkan ló ń mí kanlẹ̀. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣe é. Bó bá gbọ́ ọ, yóò gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀, yóò béèrè pé, "Kí lo rí?" Ó ní ẹni tó bá ń mí kanlẹ̀ láìrí ìbànújẹ́ ń ránṣẹ́ pè é ni, ìbànújẹ́ kì í sì í kọ ìpè. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá tèmi náà sọ ọ́ fún mi ní kékeré. Ṣùgbọ́n nínú orí mi, ohun tí mo wò lórí fóònù ni mo ń túmọ̀, mi ò sì rántí pé ìbànújẹ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí. Mí hẹlẹ ni ti ẹni tó ru ẹrù tó wúwo jù. Mí gúlegúle ni ti ẹni tó ń kú lọ. Ìmí ẹ̀dùn kò tilẹ̀ nílò àlàyé. Gbogbo èémí tí Yorùbá fún ní orúkọ, tí èmi mọ̀, wàhálà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá ń lọ ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni kò yà á sọ́tọ̀ láti pè é ní nǹkan kan. Mo ronú kan "ìsinmi", pé bóyá ọ̀rọ̀ mí yẹn wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mí kan náà ni, nítorí náà mi ò lò ó.

Obìnrin oníléèsì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa ló gbà mí. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Sawaba, níbí ní Kumasi, ni wọ́n bí i sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ìlú tí àwọn bàbá rẹ̀ àti Màmá ti wá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, Twi ló máa ń parí ẹ̀. Gbogbo ohun tí a sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbọ́, ó sì ti rẹ́rìn-ín débi pé ó di léèsì mú.

"Ah, Gírádúéètì! O fẹ́ kí ìyá ẹ mí kanlẹ̀? Daabi, rárá o! Ṣé o fẹ́ lé oníbàárà ni? Twi ò sọ bẹ́ẹ̀ jàre. Gye w'ahome la máa ń sọ. Gba èémí rẹ. Ẹni tó bá ti rẹ̀, gye w'ahome. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, gye w'ahome. Ìsinmi ni. Kò sí òkú níbẹ̀."

Mo rí i pé Màmá ń rò ó.

"Àwọn ń gbà á," ló wí, "àwa ń mí in kanlẹ̀."

"Ẹ ṣáà gbà á, Màmá. Kakra, díẹ̀ péré," ni oníléèsì wí.

"Ìbànújẹ́ tèmi ńkọ́? Ṣé kò gbọ́ Twi?"

"Ibo ni yóò ti gbọ́ ọ? Ṣebí láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti gbé e wá."

"Ó ti pẹ́ níbí o."

"Ẹ̀yin náà ti pẹ́ níbí, Màmá, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń sọ Twi, ewúrẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní gbọ́."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé inú, ó fa èémí sínú, ó sì tú u síta. Ó wò yíká bí ẹni tó jalè tí wọn kò rí i.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Twi nìkan. Oníléèsì kọ́ mi ní èyí tó túmọ̀ sí "mí", mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn páálí òwú kí n má baà gbàgbé: home. Lójú ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti bà jẹ́ bíi tèmi, ilé ni mo ń rí nígbàkígbà tí mo bá wò ó, ó sì máa ń gbà mí ní ìgbà díẹ̀ kí n tó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é.

Bí ọjà bá dá díẹ̀, oníléèsì á kígbe láti òdìkejì pé, "Màmá! Gye w'ahome!" Àwọn méjèèjì á gbé ọwọ́ lé inú. Oníléèsì a máa yára ṣe é bí ẹni tó ń bá ènìyàn díje, Màmá a sì máa bá a wí pé kì í ṣe ìjà. Lọ́jọ́ kan télọ̀ kan bá wọn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn, ojú ní dídì.

Ó ní, "Alata Maame, ṣé ẹ fẹ́ bímọ ni?"

Oníléèsì dá a lóhùn kí Màmá tó la ojú. "Òwú ni yóò bí. Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

Mo ń wò ó. Ó ń ṣe é dáadáa. Mo tún ṣàkíyèsí ohun kan tí mi ò sọ fún un: bí ó bá kírun tán, tó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, èémí rẹ̀ máa ń lọ gẹ́lẹ́ bí ọkùnrin inú fídíò ṣe ní kó lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀, yóò sì bà á jẹ́.

Ní kẹ́míìsì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Oníléèsì jó. Màmá ní Alihamudu lilahi. Èmi náà dunnú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kan náà a ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, a sì ti ń tètè pa ṣọ́ọ̀bù dé kí ó lè sùn dáadáa. Mi ò lè ya èyí tó ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ lára èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Mo pinnu pé kò yẹ kí n yà á sọ́tọ̀. Mo kàn fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa.

Ọjọ́ náà pé. Màmá wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Nínú trotro, ọkọ̀ akérò tí a wọ̀, ó ń ṣàlàyé fún obìnrin tó jókòó tì í pé òun ń lọ gba ojú òun padà. Obìnrin náà ní Ọlọ́run yóò ṣe é. Màmá ní, "Òun ló ń ṣe é. Ọmọ mi yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí." Ó sọ ọ́ ní Twi rẹ̀ tí ewúrẹ́ ń fi rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì wò mí tìyanutìyanu.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn àgbàlagbà. Àwọn tí wọ́n ti ṣe tiwọn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, báńdéèjì funfun lójú kan, ọwọ́ wọn ní èjìká ọmọ. Màmá kò lè rí ojú wọn láti ibi tó jókòó, ṣùgbọ́n ó ń rí funfun báńdéèjì náà tó ń kọjá. Ó ń kí wọn kú oríire ní ìtẹ̀léra.

Wọ́n pè é. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó rọ̀ ní ohùn. Ó fi aṣọ ẹ̀rọ náà wé apá Màmá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó fún apá rẹ̀, ó tú u sílẹ̀. Mo rí nọ́ńbà náà. Nọ́ọ̀sì rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màmá.

"Maame, home. Home brɛoo."

Màmá yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n béèrè ìbéèrè tó ti kà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdánwò.

"Ṣé o gbọ́? Ó ní kí n rọra mí. Ṣé òun náà mọ̀ ọ́n ni?"

Ó gbé ọwọ́ lé inú. Mo gbé tèmi lé inú kí n lè bá a ṣe é. Ó fi imú fà á, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó tú u síta, kò kánjú. Mo wò ó fínnífínní, mo ń wá àṣìṣe, nítorí bí àṣìṣe bá wà, a óò lè tún un ṣe. Kò sí àṣìṣe kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di òní: kò sí ohun tí a ní kó ṣe tí kò ṣe.

Nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n. Ó wálẹ̀. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, bí àwọn oníṣègùn ṣe kọ ọ́. Kò wálẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì ní kí a jókòó fún ìgbà díẹ̀ sí i. A jókòó. A mí. Ó tún wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà náà sì ti gùn padà, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá kò lè rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí nọ́ọ̀sì náà ṣe dákẹ́.

"Ó ga, àbí?" ló bi mí ní Yorùbá.

Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa tí ẹ̀rọ kò ní já. Mo ní ó ga díẹ̀.

Dókítà wá. Ó wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kò lè jẹ́ òní, òun yóò yí oògùn rẹ̀ padà, kí a fún oògùn tuntun náà láyè, kí a padà wá. Mo béèrè bóyá a kò lè fún un ní nǹkan tí yóò mú un wálẹ̀ ní ojú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé ewu tó wà nínú ìyẹn. Mo béèrè bóyá ewu tó wà nínú dídúró kò ju ìyẹn lọ. Ó ní ìkùukùu lè dúró dè wá, pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sínú ẹyinjú kò ní dúró. Mo wá àléébù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò rí i. Ká ní ó ṣe àìdáa sí wa ni, ǹ bá ní nǹkan tí mo lè ṣe. Ǹ bá bínú, ǹ bá kọ̀wé. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló ń ṣe ohun tó tọ́.

Nọ́ọ̀sì bá mi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n mú un lọ sílé, home. Mo rántí ẹ̀yìn páálí mi. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ fún Màmá ní ìṣáájú àti èyí tó sọ fún mi yìí, bákan náà ni wọ́n rí.

Mo yí i sí Yorùbá fún Màmá. Mo ní kì í ṣe òní mọ́.

Ìgbà náà ni ó mí kanlẹ̀.

Ó wọlé láti imú, ó sì lọ jìnnà. Mo rí i tí ikùn rẹ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, tí èjìká rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde láti ẹnu, ó ń jáde, ó ń jáde, ó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ, títí gbogbo ara rẹ̀ fi kéré lórí àga náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, n kò rí irú èémí bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Aṣọ ẹ̀rọ náà ṣì wà lápá rẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn kí n sọ fún nọ́ọ̀sì kó tún tẹ ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀kan péré, kí a wò ó. Ojú tì mí pé ó wá sí mi lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì fa aṣọ náà tú, ó ya fàà, ó ká a mọ́ ara ẹ̀rọ.

Nínú trotro tí a wọ̀ padà, Màmá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a sún mọ́ Kejetia, tí ariwo ọjà ti ń wọ ojú fèrèsé, ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Má sọ fún oníléèsì pé mo mí kanlẹ̀."

"Mi ò ní sọ, Màmá."

"Sọ fún un pé wọ́n ní kí a padà wá. Òótọ́ náà nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni.

Oníléèsì ti rí wa láti òkèèrè. Ó wo ojú Màmá tí kò ní báńdéèjì. Ó gbé omi tútù wá, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀nà." Ó fẹ́ sọ ìyókù, ti gye w'ahome, mo rí i lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

A kò tíì jókòó pẹ́ nígbà tí télọ̀ Ashanti New Town wọlé. Èyí tó mú búbá olójú búlúù wá ni. Kò fi wá sílẹ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò sì mọ̀ bóyá àánú ni tàbí pé ọ̀nà wa ló yá. Àgékù aṣọ dúdú ló mú dání, fún ìsìnkú òpin ọ̀sẹ̀. Màmá gbà á. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn síbi páálí. Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó dá a padà sórí itan, ó na aṣọ náà sí mi.

Mo kó gbogbo òwú tó jọ dúdú, mo jáde lọ síbi tí oòrùn ti ń wọlé láàárín òrùlé méjì. Mo gbé aṣọ náà lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú èyí tó jẹ́ búlúù kúrò, ìyẹn kò le. Àwọn tó kù dúdú. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ fún mi pé dúdú kì í ṣe ọ̀kan, pé dúdú kan wà tí pupa ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, òmíràn wà tí àwọ̀ ewé ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, àti pé oòrùn Sátidé ló ń fà á jáde. Ojú mi kò ní àbùkù kankan. Mo rí òwú náà kedere, mi ò sì rí ohun tí òun ì bá rí.

Mo wọlé, mo ní òwú méjì lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé mo mí títí mo fi gbọ́ ọ.

Màmá gbé orí sókè. "Má mí kanlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Èémí lásán ni, Màmá."

"Bó bá jẹ́ èémí lásán ni, mí in ní Twi."

Oníléèsì rẹ́rìn-ín láti òdìkejì, ẹ̀rín kékeré. Télọ̀ náà ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti nà. Mo gba èémí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí, mo sì fún un ní èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ó di Sátidé, nínú oòrùn, kí a tó mọ̀ bóyá dúdú tó tọ́ ni.